Ọkọ̀ ń kú nínú gósùló, wọ́n ní fúẹ̀lì pọ́ǹpù ni: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ra òmíràn

Àǹtí wa kan tó ń gbé ní Igbogbo, ní Ikorodu, ló bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ rèé ní ṣókí. Honda Accord 1996 ni wọ́n ń wà, èyí tí a ń pè ní Bulldog. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á yí títí kó tó sítáàtì. Tó bá wá di ọ̀sán, tí oòrùn ti mú, tí wọ́n wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárín Ogolonto sí Majidun, ọkọ̀ á kàn kú fin-ín, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní dáhùn, wọ́n á bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá wọn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá tó bí ìdajì wákàtí ó tún sítáàtì bíi pé kò ṣe nǹkankan. Mẹkáníìkì wọn ní fúẹ̀lì pọ́ǹpù ni. Ó ti fi tòkunbọ̀ kan sí i, ọkọ̀ ò yí padà, ó ti wá ní kí wọ́n mú owó òmíràn wá. Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n mú owó yìí sílẹ̀ ni àbí kí n kúkú ta ọkọ̀ náà?"

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Kí ọkọ̀ kú sí Majidun nínú oòrùn, kí àwọn dáńfó máa fọn fèrè lẹ́yìn ẹni, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré rárá. Ẹ má ta ọkọ̀ yẹn, ẹ má sì tíì fún ẹnikẹ́ni lówó pọ́ǹpù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé pọ́ǹpù ṣeé wọ̀n. A lè gbọ́ ohùn ẹ̀, a lè wọn iná tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, gééjì sì wà tí wọ́n fi ń wọn agbára tó fi ń ti epo. Mẹkáníìkì tí ò ṣe ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó kàn gbọ́ pé ọkọ̀ ń kú tó sì dáhùn pé pọ́ǹpù ni, ṣe ló ń méfò, owó yín ló sì fi ń méfò. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan, àìsàn ò kúrò, ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn yíjú síbòmíì, àyàfi tó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ọjà Ladipo gan-an ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìyẹn náà sì máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ nǹkan kan kí n tó lọ jìnnà. Àìsàn méjì lẹ kà sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó ń pẹ́ kó tó sítáàtì láàárọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tó ń kú lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, ọ̀tọ̀ ni. Ó lè jẹ́ nǹkan kan ló fa méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò rò bẹ́ẹ̀, tí a bá sì pò wọ́n pọ̀, a ò ní rí ìkankan nínú wọn mú.

Pọ́ǹpù tó wà nínú ọkọ̀ yín, inú táǹkì ló wà, inú epo gan-an. Mọ́tò kékeré tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́ ni. Ó ń fa epo láti ìsàlẹ̀ táǹkì gba inú àwọ̀n kékeré kan, ó ń tì í lọ síwájú gba inú fílítà, ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́sùùlù tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọn ò bá lò á gba ẹnu régúlétọ̀, ìyẹn fáàfù tó ń mú kí agbára epo wà ní ìwọ̀n tó yẹ, padà sínú táǹkì. Epo tó ń gba inú ẹ̀ kọjá yẹn ló ń tù ú lára tí kì í fi gbóná jù, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ọ́ìlì fún un. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa padà síbẹ̀ tí a bá dé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ra epo díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Peugeot 504 oníkábúrétọ̀, tiyín yàtọ̀ o, ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù tiyín wà, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ló ń tì í, kò lo iná, torí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ wáyà àti ríléè (switch kékeré tí iná fúnra ẹ̀ ń tàn tó sì ń pa) tí mo fẹ́ sọ yìí da ara yín láàmú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, ẹ pa rédíò, ẹ pa AC, ẹ ní kí ẹnì kan ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu epo sí kó gbé etí sún mọ́ ọn, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì. Honda yín á dún "sííín" fún bíi sẹ́kọ́ǹdì méjì, á sì dákẹ́. Nígbà kan náà, iná check engine á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, òun náà á kú lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì méjì yẹn, ẹ sì máa gbọ́ "ká" kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí iná yẹn bá tàn tó sì kú bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí ẹ ò gbọ́ ohùn kankan láti ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ wà láàárín ríléè, wáyà àti pọ́ǹpù. Tí iná check engine ò bá tàn rárá, brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, gan-an ni iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹni tó bá lọ ń tú táǹkì nírú àkókò yẹn ń fi àkókò ṣòfò. Tí ohùn pọ́ǹpù bá ń han gooro, tàbí tó ń dún bíi pé nǹkan ń họ nǹkan nínú ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti ń gbó, ó sì lè jẹ́ pé epo ò tó nínú táǹkì ni tàbí pé àwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀ ti dí, torí náà ariwo nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀yin oníToyota àtijọ́, ẹ má bá mi jà, ọ̀pọ̀ Toyota ọdún 1990s ni kì í dún tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ni pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́. Bíi Camry 1992 sí 1996, àpótí kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí lórí, tí ẹ bá fi wáyà kékeré so FP pọ̀ mọ́ +B nínú ẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ON, pọ́ǹpù á máa ṣiṣẹ́ láì sítáàtì. Ẹ ka ohun tó wà lára ìdérí yẹn dáadáa kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́, torí ihò tí kì í ṣe tiẹ̀ lè ba nǹkan jẹ́.

Wàyí o, ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe ti àárọ̀, ti ìgbà tí ọkọ̀ bá kú ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù nìyẹn, torí tí wọ́n bá fi máa tow ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Sabo tàbí Agric, ara ẹ̀ ti tutù, ó ti ń ṣiṣẹ́, mẹkáníìkì ò rí nǹkankan, ló bá méfò. Torí náà, lọ́jọ́ tó bá tún kú, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tó ṣí nǹkankan, tí ọkọ̀ bá ti kúrò lójú ọ̀nà, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tún yí i sí ON, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn tẹ́tí, kí ẹ̀yin náà wo iná check engine. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá dún "sííín" bó ṣe máa ń dún láàárọ̀, tí ọkọ̀ ò sì sítáàtì, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ńbẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì ló kù kí wọ́n lọ wò.

Bó ṣe ń kú náà ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí epo ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kì í sábà kú lójijì, á kọ́kọ́ máa já, ẹ máa tẹ acceleration kò ní fẹ́ lọ, á máa gbọ̀n, pàápàá tí ẹ bá ń gun orí òkè tàbí tí ẹ fẹ́ kọjá trailer, lẹ́yìn náà ló máa wá kú. Ẹ̀yin ní tiyín kú fin-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ dá mi dúró nínú ohun tí ẹ kọ, torí iná tó já ló máa ń pa ọkọ̀ báyẹn. Ẹ tún wo nǹkan kan: tó bá ti kú tí ẹ bá ń yí i, ẹ wo ọwọ́ RPM. Tó bá ń mì díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ó jọ pé distributor, ìyẹn èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá sùn sórí òdo tí kò mira rárá, ẹ fura sí coil àti igniter, àwọn tó ń ṣe iná púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú distributor, torí àwọn náà máa ń kú tí wọ́n bá gbóná, wọ́n á sì jí tí wọ́n bá tutù, gẹ́lẹ́ bí ti pọ́ǹpù tó ń ṣàìsàn. Àmì lèyí o, kì í ṣe ìdájọ́.

Tí mẹkáníìkì bá wà nítòsí nígbà tó kú, kó já wáyà púlọ́ọ̀gì kan kó fi spark tester wò ó bóyá iná ń bọ̀. Tí iná bá ń bọ̀, kó fọ́n carburettor cleaner díẹ̀ sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí wọ́n wá yí i. Tó bá mú fún sẹ́kọ́ǹdì kan tó sì kú, epo ni kò dé. Tí kò bá mú rárá, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan táǹkì yẹn. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn wa ò fi ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da bẹntiróòlù láti inú ike sí ibẹ̀ ní tiyín, mo bẹ̀ yín, ọ̀nà tí iná fi ń sọ lójú èèyàn nìyẹn.

Ó kàn wá dé orí ohun tí mo fura sí jù lórí ọkọ̀ yín, ìyẹn ríléè. Main relay la máa ń pè é, kò kún àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀ ló wà. Ríléè méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ń gbé iná fún brainbox àti nọ́sùùlù, ìkejì ń gbé iná fún pọ́ǹpù. Àwọn Honda ìgbà yẹn, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣàárẹ̀ rèé, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan, gbogbo ibi tí oòrùn bá ti ń mú láyé ni àwọn oníHonda ti mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá yọ ìdérí ẹ̀ tí ẹ yí pátákó inú ẹ̀ padà, ẹ máa rí ibi tí wọ́n fi léèdì jó ẹsẹ̀ àwọn irin mọ́lẹ̀. Èyí tó dáa máa ń dán, léèdì á dì mọ́ ẹsẹ̀ irin yípo láìsí àlàfo. Èyí tó ti ṣàìsàn, ẹ fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ dáadáa, ẹ máa rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí ẹsẹ̀ irin náà po, ojú léèdì ibẹ̀ á ṣókùnkùn, tí ẹ bá fi ìka ti irin yẹn díẹ̀ láti òdìkejì, ẹ máa rí i tó ń mira nínú ihò ẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń dá yín dúró sí Majidun. Tí oòrùn bá mú, tí inú ọkọ̀ gbóná, irin ẹ̀ á fẹ̀, ojú ibẹ̀ á là, iná á já, pọ́ǹpù á dákẹ́. Tí inú ọkọ̀ bá tutù, wọ́n á tún fara kanra, iná á lọ. Ẹ wò ó, bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ ń ṣí kí ẹ́ńjìnnì lè tutù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹ sọ̀kalẹ̀, tí atẹ́gùn wọlé sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ló ń jí i.

Lọ́jọ́ tó bá tún kú, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ríléè yẹn wà, kó má le jù, kí ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá sítáàtì, ẹ ti mú olè. Kí rewire, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó ní irin ìjóléèdì tó dáa tún gbogbo ojú ẹ̀ jó, gbogbo ẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀kan tó là nìkan, torí èyí tó kù náà máa là lọ́la. Tí ẹ bá rí tuntun tó dáa rà, ìyẹn sàn jù.

Tí ríléè bá mọ́, a kàn wọn iná. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró ti rewire, kí ẹ rí i bó ṣe ń ṣe é. Pọ́ǹpù Accord yín, ẹ tẹ̀lé wáyà ẹ̀ lọ sẹ́yìn, lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì búùtù tàbí abẹ́ síìtì ẹ̀yìn ni ìdérí ẹ̀ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ rewire máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù, wọ́n á fi tester oníbúlùbù sí i, búlùbù á tàn, wọ́n á ní "iná wà, pọ́ǹpù ló kú." Ìyẹn ò tó rárá. Búlùbù yẹn máa tàn yálà iná mẹ́wàá ló dé tàbí mẹ́tàlá, tí ẹ bá sì ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹrù lórí wáyà yẹn mọ́, wáyà tó ti jẹ tán tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo ṣì máa gbé 12 volts jáde lórí mítà. Ẹ jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbi tó wà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kó wá fi ẹnu mítà kan wáyà méjèèjì láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí bátìrì bá ń fi 14 volts hàn, ti pọ́ǹpù ò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ré sísàlẹ̀ 13. Tó bá jẹ́ 10 tàbí 11 ni ẹ rí, pọ́ǹpù tuntun mẹ́ta ò lè wo ọkọ̀ yẹn sàn, torí iná tó ń jẹ ò yó o.

Kí wọ́n wá ibi tí ìyókù ń lọ. Wọ́n á fi ẹnu mítà kan sórí negative bátìrì, ìkejì sórí wáyà earth pọ́ǹpù, ìyẹn èyí tó ń dá iná padà sára irin ọkọ̀, pọ́ǹpù ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Tí mítà bá fi ju ìdajì volt lọ hàn, earth yẹn ni kò dáa. Lágbègbè wa níbí, mo máa ń kọ́kọ́ wo earth kí n tó wo nǹkan míì lẹ́yìn ọkọ̀, torí ọ̀sà sún mọ́ wa, ọ̀rinrin pọ̀, ráòbà búùtù àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí sì ti gbó, òjò á wọlé, kápẹ́ẹ̀tì á tutù láti June títí dé October, bóòtù earth tó wà lábẹ́ ẹ̀ á dípẹtà. Ẹ tú bóòtù yẹn, ẹ fi sandpaper ha á títí irin á fi funfun, ẹ dè é padà kó le.

Lẹ́yìn iná ni gééjì. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa, kí fire extinguisher wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù, torí epo inú páìpù yẹn ń bẹ lábẹ́ agbára, tí wọ́n bá tú bóòtù ẹ̀ lójijì á fọ́n síni lójú. Kí wọ́n fi aṣọ yí i ká kí wọ́n tó rọra tú u. Lórí irú ẹ́ńjìnnì yín, tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan, gééjì yẹ kó wà láàárín 30 sí 40 psi, tí wọ́n bá sì yọ ráòbà vacuum tó wà lórí régúlétọ̀, ó yẹ kó fò sókè bíi 8 sí 10. Kí mẹkáníìkì wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì yín gan-an nínú manual ẹ̀. Tó bá kéré, kí wọ́n má tíì pariwo pọ́ǹpù. Kí wọ́n rọra fún ráòbà tó ń dá epo padà sí táǹkì, fún sẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ péré. Tí gééjì bá fò sókè wàá, pọ́ǹpù lágbára, régúlétọ̀ ló ń tú epo sílẹ̀. Tí kò bá fò, ẹ pààrọ̀ fílítà kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí fílítà tó ti dí máa ń fi pọ́ǹpù tó dáa hàn bí òkú. Tí ráòbà vacuum yẹn bá sì tutù fún epo nínú, kò sí àníàní, régúlétọ̀ ti ya.

Pọ́ǹpù míì wà tó máa ń dáa lójú kan, tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló máa ń rẹ̀ ẹ́. Fún irú ẹ̀, kí wọ́n lẹ gééjì mọ́ ara gíláàsì iwájú níta, wọn ò gbọdọ̀ fà á wọ inú ọkọ̀ rárá, kí ẹ wá wà á jáde sí ọ̀nà Itamaga tí títì bá dá. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ọwọ́ gééjì ń lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè, pọ́ǹpù tàbí àwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, mo fara mọ́ mẹkáníìkì yín nígbà yẹn.

Ó ku ti àárọ̀. Èyí ni mo rò pé tòkunbọ̀ yẹn mọ̀ nípa ẹ̀. Nínú pọ́ǹpù, fáàfù kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí epo ṣàn padà sí táǹkì tí ẹ bá pa ọkọ̀. Tó bá ti gbó, gbogbo epo inú páìpù á ti padà sẹ́yìn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa yí títí pọ́ǹpù á fi tún kó òmíràn dé. Ẹ dán èyí wò lọ́la: kí ẹ tó sítáàtì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ dúró kí "sííín" yẹn parí, ẹ pa á, ẹ tún yí i, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá sítáàtì. Tó bá mú lẹ́ẹ̀kan náà, epo ló ń sá padà. Ó lè jẹ́ fáàfù pọ́ǹpù, ó lè jẹ́ régúlétọ̀, ó lè jẹ́ nọ́sùùlù tó ń jò, gééjì tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lórí ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ló máa fi hàn. Tó bá jẹ́ fáàfù lásán, ìyẹn kì í dá èèyàn dúró lọ́nà, ẹ lè máa yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyẹn títí owó á fi wà.

Ìdérí táǹkì náà, ẹ má fojú di í. Tí ihò atẹ́gùn ẹ̀ bá dí, pọ́ǹpù á máa fa epo, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà wọlé, títí ọkọ̀ á fi kú. Tó bá kú, ẹ ṣí i, tí ẹ bá gbọ́ tó fa afẹ́fẹ́ "fùúú" tí ọkọ̀ sì sítáàtì lẹ́yìn ẹ̀, ìdérí lẹ máa rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti epo fúnra ẹ̀. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ wa ló ń ra epo ní ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́, iná epo á máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láti Monday dé Friday. Mi ò bá yín wí, mo mọ bí nǹkan ṣe rí. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù yẹn, epo ló ń tù ú lára, tí epo bá kéré, á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, á gbóná, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì náà á sì máa lọ sínú àwọ̀n ẹ̀. Tí ẹ bá lè máa fi ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀ nínú táǹkì ní gbogbo ìgbà, owó kan náà lẹ máa ná, pọ́ǹpù á pẹ́. Epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ yẹra fún un, omi àti ìpẹtà pọ̀ nínú ẹ̀. Kì í sì í ṣe ti kẹ́ẹ̀gì nìkan, ní February 2022, NMDPRA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo fúnra wọn sọ pé epo tí methanol inú ẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí, methanol sì máa ń ba ráòbà jẹ́, ó máa ń mú kí irin dípẹtà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí ẹ̀ gidigidi. Tí wọn ò bá rí ibi tí iná ti ń já, àwọn kan máa ní kí àwọn "fà á ní direct," ìyẹn ni pé kí wọ́n fa wáyà láti bátìrì lọ bá pọ́ǹpù, kí wọ́n fi switch sí i. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ o, inú yín á dùn. Ẹ má gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ yẹn, tí ẹ́ńjìnnì bá kú, brainbox máa pa pọ́ǹpù. Tí ẹ bá fara gba ìjàǹbá, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, tí páìpù já, pọ́ǹpù tí wọ́n fà ní direct á máa tú epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ sì wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣe é sí ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u.

Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ìdánwò yìí tọ́ka sí pọ́ǹpù, iná dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pé, fílítà jẹ́ tuntun, gééjì ṣì kéré, tàbí tí wọ́n bá fi igi gbá abẹ́ táǹkì tó sì jí, ó ti kú nìyẹn, ẹ rà á. Tuntun ni mo fara mọ́, torí tòkunbọ̀, ẹlòmíì ti lò ó gbó kí ẹ tó rí i. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lagbára yín ká, kí wọ́n wọn agbára ẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀ àti ráòbà ìdérí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí wọ́n fọ ìsàlẹ̀ táǹkì, kí wọ́n já negative bátìrì kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n má sì lọ́ wáyà mọ́ wáyà nínú táǹkì kí wọ́n fi téépù dè é, téépù kì í pẹ́ nínú epo.

Ní báyìí, àǹtí mi, ríléè yẹn ni kí wọ́n tú wò lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: ohun tí mítà fi hàn lórí pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ohun tí gééjì fi hàn kí wọ́n tó yọ ráòbà vacuum àti lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, àti bóyá pọ́ǹpù dún tàbí kò dún lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tún kú. Ẹ ya fọ́tò inú ríléè náà mọ́ ọn, ojú ibi tí wọ́n fi léèdì jó ni kí ẹ yà, kó mọ́lẹ̀ dáadáa.